Pákó Yàrá Ìyá Mi

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni pákó náà kọ́kọ́ dá mọ́ lẹ́sẹ̀. Ó ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún ìyá mi lókè, ó sì tẹ ibì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí gbogbo wa ti ń tẹ̀ láti kékeré. Pákó dá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọlé títí dé itan, ó há síbẹ̀, ẹ̀kọ náà sì dà sí i láyà. Kí wọ́n tó rí i fà yọ, ojúgun rẹ̀ ti kán. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ní Ìbà ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ló sì wà títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi tán.

Èmi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. Òkúkù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ò tíì mọ ibi tí fáìlì rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń wọkọ̀ gba Inísà wá sí Ìkìrun láti wá wo ìyá mi. Nígbà tí mo dé lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó síwájú ilé, ó ń dúró dè mí. Kò jẹ́ kí n sọ báàgì kalẹ̀.

“Ilé yìí máa di wíwó o,” ló wí. “Mi ò ní dúró kó pa ẹlòmíì.”

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ìkà, mo gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni àkọ́bí bàbá wa. Ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ni ìyáálé ìyá mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun fẹ́ kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù tó ní balùwẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Èmi ò rí gbogbo ìyẹn rò. Inú ti bí mi kọjá àlà.

“Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé lé Màámi lórí ni?”

“Kí Ìyá sọ̀ kalẹ̀. Yàrá wà níbi tí mo rẹ́ǹtì.”

“Ẹ gòkè lọ, kí ẹ lọ sọ fún wọn fúnra yín.”

Kò sí ẹni tó lè lọ sọ ọ́ nínú àwa méjèèjì.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé náà, ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn bàbá wa kọ́ nígbà tí kòkó ń pa owó. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè sùn lójú fèrèsé. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè. Lábẹ́ pákó ni àwọn igi ìdábùú wà, gbọọrọ gbọọrọ, tí wọ́n ki orí wọn bọ inú ògiri lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwọn igi yẹn ló gbé gbogbo òkè dúró. Pákó ni à ń rí, òun là ń fọ̀, òun là ń jó lé lórí, ṣùgbọ́n igi abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ilé.

Yàrá tó wà níwájú lókè ni ti ìyá mi. Ibẹ̀ ni bàbá mi mú un wọ̀ nígbà tó gbé e níyàwó wá láti Òkúkù. Nígbà tí bàbá mi kú, pálọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn: ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé, inú ilé náà ni wọ́n ń sin ín sí. Abẹ́ yàrá ìyá mi gẹ́lẹ́ ló bọ́ sí. Ìyá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí àwọn àlejò bá wá kí i. “Nígbà ayé ẹ̀, òun ló ń wà lókè,” á wí bẹ́ẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín. “Ó ti wá kàn mí báyìí.” Àwọn obìnrin á pariwo, àwọn ọkùnrin á wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré. Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí òun kú sínú yàrá yẹn, kí wọ́n gbé òun sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ òun. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀. Bí wọ́n bá wó ilé náà nígbà tó wà láyé, kò ní sí ilé ọkọ tó máa wà mọ́, á di kó padà sí Òkúkù bí obìnrin tí ọkọ kọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Bàbá Àgbà, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí agbo ilé. Ó fetí sí ẹ̀gbọ́n mi, ó fetí sí èmi náà, ó sì bi wá bóyá ẹnì kankan nínú wa ti rí ohun tó wà lábẹ́ pákó. A ò rí i.

“Ẹ lọ tú pákó,” ló wí. “Ẹ má fọwọ́ kan igi tó wà lábẹ́ ẹ̀. Bí igi bá ṣì le, ẹ kan pákó tuntun lé e, kẹ́nì kankan má sì dá wíwó ilé sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó bàbá yín bá wà láyé. Bí igi bá ti jẹrà, kó sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ wó o.”

Àwa méjèèjì gbà. Ó dá mi lójú pé màá borí. Ẹ̀gbọ́n mi náà, ó dá a lójú.

Inísà ni mo ti lọ bá káfíńtà. Ọkùnrin náà sanra, ó ń wúkọ́, kò sì sí ohun tí kì í bá èèyàn jiyàn lé lórí, títí kan ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú ilé alámọ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin tí wọ́n fi ń tú ìṣó ti ara ìdábùú. Ó ní amọ̀ ló di orí àwọn igi náà mú, bí a bá fi agbára mì wọ́n, amọ̀ á là, ògiri á sì bá a lọ. Pákó pẹlẹbẹ kan ló ń kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ irin kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìṣó tó bá ti dípẹtà jù, kì í fà á. Á fi ayùn irin gé orí rẹ̀, á wá rọra ṣí pákó kúrò bí ẹni ń bọ́ fìlà lórí ọmọ tó ń sùn. Bó bá ti ṣí ọ̀kan, á fo ọ̀kan, kí a lè máa rí ibi tẹ̀.

Bí pákó kọ̀ọ̀kan bá ti kúrò, á fi òòlù kan igi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ń dúró dè nìyẹn. Igi tó bá le á dún kó. Èyí tó bá ti jẹrà, á gba òòlù mọ́ra, kò ní dún.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ibi tí ẹsẹ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kán, ó dún kó. Pákó lásán ló ti gbó níbẹ̀ nítorí òjò. Ó tún dún kó lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú yàrá, ó ń gbọ́.

“Igi apá nìyẹn!” ló ń ké síta. “Ọkọ mi ló lọ yan igi yẹn fúnra ẹ̀ nínú igbó. Ẹ tún un lù, kí n gbọ́!”

Káfíńtà á tún un lù fún un. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó nísàlẹ̀ nínú pálọ̀, ó gbójú sókè, à ń rí i láàárín àwọn igi. Ní gbogbo ìgbà tí igi bá dún kó, mo máa ń wo ojú rẹ̀. Inú mi ń dùn, mo sì fẹ́ kó rí i pé inú mi ń dùn.

Nígbà tó kan inú yàrá, káfíńtà ní kí ìyá mi dìde. Ó kọ̀.

“Ìyá, ibi tẹ́ ẹ wà yìí ni iṣẹ́ kàn báyìí.”

“Ṣe iṣẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀dì mi ò bá ẹ jà.”

Káfíńtà jiyàn, ó jiyàn, ẹnu sì rẹ̀ ẹ́. Èmi ò tíì rí ibi tó ti rẹ̀ ẹ́ rí. A wá ń tú pákó yí bẹ́ẹ̀dì náà ká, títí ó fi ku pákó díẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì dúró lé lórí, tí ìyá mi sì jókòó sórí rẹ̀ láàárín òfìfo, tó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Bí a bá kan pákó tuntun díẹ̀, a ó gbé bẹ́ẹ̀dì náà sún sórí rẹ̀, òun á sì di irin bẹ́ẹ̀dì mú, á máa bú wa. Gbogbo ìdábùú yàrá náà ló le. Ó ku igun kan péré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Igun yẹn ni bàbá mi ti ń ṣe àlùwàlá. Kì í lọ sẹ́yìnkùlé bí àwọn yòókù. Tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á gbé àpótí síbẹ̀, á gbé bútà, á fọ ọwọ́, á fọ ojú, á da omi sẹ́sẹ̀, omi á sì gba àárín pákó lọ. Nígbà tó kú, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ibi tí ọkọ òun ti ń wẹ̀ mọ́ fún Ọlọ́run, òun ò ní wá ibòmíràn lọ.

Káfíńtà ṣí pákó ibẹ̀. Kò lo irin. Ọwọ́ ló fi ká a kúrò. Ó fi òòlù kan igi náà, kò dún.

Ó tún un kàn. Kò dún. Ó mú sikurudíráfà, ó tì í bọ inú igi, irin náà sì wọlé títí dé èèkù. Nígbà tó fà á yọ, lẹ́búlẹ́bú dúdú tútù ló bá a jáde.

Ká ní ìdábùú kan lásán ni, à bá pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ńlá tó gba abẹ́ fèrèsé kọjá ni, èyí tí gbogbo ìdábùú yàrá náà gbé orí lé kí wọ́n tó wọ inú ògiri; bí a bá fà á yọ, gbogbo òkè ló máa bá a wá. Àwọn yòókù le, gbogbo wọn ló le, igi kan tó rù wọ́n ló ti jẹrà lórí. Mo wo omi tó ṣì wà nínú bútà ìyá mi, inú sì bí mi sí omi, inú bí mi sí bàbá mi tó ti kú, inú bí mi sí ìyá mi tó jókòó síbẹ̀ tó ń wo ẹnu wa.

“Kí ló dé tí ò dún?” ló bèèrè.

Káfíńtà ní ọ̀nà kan wà: ká ri òpó mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, kó gbé orí igi náà dúró. Tí òpó bá ti gbà á, kò sí ohun tó máa ṣe yàrá náà mọ́. Inú mi tún yọ̀. A sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde lórí àga. Káfíńtà gbójú sókè, ó wọn ibẹ̀ lójú, ó rìn lọ sí igun pálọ̀, ó sì fi gìgísẹ̀ janlẹ̀.

“Ibí ni. Ká gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, ká gbé òkúta sí i nísàlẹ̀, torí ilẹ̀ ibí rọ̀.”

“Bàbá wa ló wà níbẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ọkùnrin náà fò kúrò, ó ṣí fìlà rẹ̀. A bi í bóyá òpó lè dúró láìgbẹ́lẹ̀. Ó ní á rì. A bi í bóyá ó lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní orí igi tó jẹrà ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò bá wa jiyàn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wá sọ, mi ò retí rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ gbẹ́ ẹ,” ló wí. “Bàbá ò ní bínú. Nítorí ìyàwó wọn ni.” Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọkùnrin tó ti ń bẹ Ọlọ́run kí ilé wó ló ń wá ọ̀nà tí kò fi ní wó. Ó tì mí lójú pé mo ti ń wo ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn láti òwúrọ̀. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, èmi náà. Bàbá Àgbà, tí a ránṣẹ́ pè, ní òun ò lè pàṣẹ ìyẹn, ẹni tó ni ọkọ ni ká lọ bi.

Gbogbo wa jọ gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣàlàyé fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí dé òpin.

“Omi àlùwàlá wa ló jẹ igi?”

“Òun ni, Ìyá.”

“Omi tá a fi ń sin Ọlọ́run.”

Ó so tẹ̀sùbáà rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́. Ó yí sí ẹ̀gbọ́n mi. Inú ilé ni ìyá mi bá a nígbà tó wá sílé ọkọ, nítorí náà ọkọ ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wẹ̀ ẹ́ dàgbà.

“Ọkọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ má gbẹ́ nǹkan kan lórí ọkọ mi o. Wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti bò ó, ó ti sùn. Ẹ ò gbọdọ̀ tìtorí pé mo fẹ́ sùn sókè kẹ́ ẹ ri igi mọ́ ọn láyà.” Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ wá mú mi sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́ ẹ wó ilé yín.”

Ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n ọ́n. Ìyá mi fi gèlè bo ojú ara rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n ya pálọ̀. Èmi ni mo gbé bútà tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Mi ò rí omi inú rẹ̀ dà nù, bí mo ṣe ń bínú sí i tó.

Ọ̀dọ̀ mi ní Òkúkù ló wá ń gbé. Mo rẹ́ǹtì yàrá méjì, mo fún un ní èyí tó kọjú sí títì. Kò bá mi jà, kò bú mi, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Agbo ilé bàbá rẹ̀ ò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n kò lọ síbẹ̀ rí. Àwọn ìyàwó ilé máa ń wá kí i, wọ́n á ní, “Ẹ káàbọ̀ sílé, Ìyá,” á sì dá wọn lóhùn pé àlejò ni òun. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wó ilé náà. Àwọn ìdábùú tí kò jẹrà ni káfíńtà kó, ó sì fi wọ́n ṣe òrùlé ilé tuntun. Mo gbọ́ pé wọ́n le débi pé ìṣó ń ká lára wọn.

Ó gba ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún bíi mélòó kan kó tó parí rẹ̀. Ọjọ́ tó parí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wá sí Òkúkù. Ó ní òun ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún Ìyá, nísàlẹ̀, kò ní gun àtẹ̀gùn kankan, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ṣí sí pálọ̀. Ìyá mi dìde jókòó.

“Ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ gbẹ́ ibẹ̀?”

“Ìyá, a ò fi ọkọ́ kan ibẹ̀ rárá. Yẹ̀pẹ̀ la kó bò ó, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a fi sìmẹ́ńtì lé e. Inú pálọ̀ ni wọ́n wà.”

Òótọ́ ló ń sọ. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó sọ fún àwọn ìyàwó ilé pé òun ń lọ sílé ọkọ òun, ó ní kí wọ́n má ṣe sunkún, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń sunkún. Nínú mọ́tò, ó bú dírẹ́bà pé ó ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Mo rò pé mo ti rí ìyá mi gbà padà.

Ilé náà dára. Ó ti tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò létí títì, nítorí pé wọ́n ní títì máa fẹ̀ sí i. Pálọ̀ rẹ̀ tóbi, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Ìyá mi bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú wọlé, ó sì dúró.

“Níbo ló wà?”

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí abẹ́ fèrèsé. Bàbá Àgbà ní rárá, pé fèrèsé àtijọ́ kọ́ nìyẹn, iwájú ni ti àtijọ́ wà, ó sì nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo wò yíká, mo wá igun tí káfíńtà ti fi gìgísẹ̀ janlẹ̀, mo sì nawọ́ sí ibi tí àga wà. Igun yẹn ò sí mọ́. Ògiri tí à ń fi mọ̀ ọ́n ni wọ́n wó, amọ̀ ògiri náà ni wọ́n sì tẹ́ lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé Bàbá Àgbà mọ ibẹ̀, Bàbá Àgbà rò pé àwọn bíríkìlà mọ̀ ọ́n, èmi rò pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣì í mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kan sàmì sí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

Ìyá mi wo ọwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo rí i tó gbé ọ̀kan sókè, tó ń wá ibi tó máa gbé e kà, tí kò rí.

“Ẹ gbé mi kúrò níbí,” ló wí. “Mi ò mọ ibi tí mo ń tẹ̀.”

Mo gbé e. A padà sí Òkúkù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹrù rẹ̀ ò tíì kúrò nínú mọ́tò. Nígbà tó kú, agbo ilé bàbá rẹ̀ la sin ín sí, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè sọ ibi tí à bá gbẹ́ ní Ìkìrun, kó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí.